Alùpùpù Àlòkù àti Aago Ojú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ajégúnlẹ̀)

Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ríra alùpùpù àlòkù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí ni ó kan olùkọ́ nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Èsì wa ni pé ìṣirò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, àti pé láti ìgbà tí a ti ń kọ́ni ní abúlé títí a fi dé Èkó yìí, orí alùpùpù ni a ń gbà dé ilé ìwé.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ó ti di àṣà wa pé kí ẹgbẹ́ máa yá àwọn ọ̀dọ́ lówó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àgbà méjì sì ṣe onídùúró fún ẹni tí ó bá yá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi owó náà ra alùpùpù. Ọ̀kan nínú wọn ra èyí tí aago rẹ̀ ka kìlómítà 9,000, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí èyí tí kò tíì rìn púpọ̀. Kò lò ó pé oṣù mẹ́ta tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ààrò tí a fi igi tútù dáná, kò sì pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ pátápátá. Gbèsè kò bá a dákẹ́. Àwọn onídùúró méjèèjì ni wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó o jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí aago yẹn jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré tí à ń lò nílẹ̀ yìí, táyà iwájú ni ó ń yí okùn irin tín-ínrín kan tí ó gba inú rọ́bà lọ sókè sí ìdí aago. Bí táyà bá ṣe ń yí ni okùn ń yí, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń gorí nọ́ńbà. Nítorí náà, ọjọ́ tí okùn náà bá já, tàbí tí ẹnìkan bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, aago kò mọ ohunkóhun mọ́, bí alùpùpù tilẹ̀ ti Èkó dé Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kì í tún un ṣe bí ó bá já, nítorí kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. A sì lè ra aago tuntun lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, kí a so ó mọ́ ògbólógbòó, kí ó di ọmọ àná. Àwọn tuntun tí aago wọn ń lo iná náà kò bọ́ nínú èyí, nítorí ohun tí ó ṣeé tú ṣeé pààrọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ bá wa ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọlọ́kadà kan bá ń rin kìlómítà 100 lóòjọ́, ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, 600 ni ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 50 nínú ọdún, ó di 30,000. Olùkọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ kò jìnnà, tí ó ń gun tirẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ àti sí ọjà nìkan, lè má rìn ju 4,000 lọ nínú ọdún. Ọdún 7 ni olùkọ́ yìí yóò fi rin 28,000, èyí tí ọlọ́kadà ti rìn kọjá kí ọdún kan tó yípo. Bẹ́ẹ̀ ni ó kù síbì kan: bí aago bá jẹ́ onínọ́ńbà márùn-ún, bí ó bá ti ka 99,999, òdo ni ó ń padà sí. Alùpùpù tí ó ṣe ọ̀kadà fún ọdún 4 gbáko lè ti rin 120,000, kí ojú aago sì máa wí fún yín pé 20,000 péré ni. Ẹni tí ó ń tà á lè má purọ́ rárá. Aago náà ni ó gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Òyìnbó, ọ̀rọ̀ tiyín ni pé ibùsọ̀ ni aago ibẹ̀ ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ibùsọ̀ kan ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ díẹ̀. 20,000 ibùsọ̀ súnmọ́ kìlómítà 32,000. Ẹ máa wí fún àwọn ará ilé èyí tí ẹ ń sọ. Kí ẹ tó gbé alùpùpù àlòkù sínú ọkọ̀ ojú omi tí ń bọ̀ ní Àpápá tàbí ní Tin Can, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù wí ní àkókò náà, nítorí òfin yìí máa ń yí padà, owó ìpamọ́ ní èbúté sì lè ju owó alùpùpù lọ.

Wọ́n máa ń bi wá pé mélòó ni ó pọ̀ jù. Ní ojú tiwa, ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé lè rin 50,000 kí ó má sì tíì béèrè àtúnṣe ńlá; èyí tí a fi ìyà jẹ lè gbó kí ó tó dé 20,000. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò ju nǹkan bí lítà kan lọ. Díẹ̀ ni, kíá ni ó sì ń dọ̀tí. Ẹni tí ń ná owó epo lójoojúmọ́ tí ó ń ṣahun owó ọ́ìlì, ó ń fi ẹ̀mí alùpùpù náà jẹun ni. Nítorí náà, iṣẹ́ tí alùpùpù ti ṣe àti ọwọ́ tí ó ti wà ni kí a máa wádìí ju nọ́ńbà lọ, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì wà lára rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ wo ibi tí èrò ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ lé. Nínú gbogbo àmì, èyí ni a fẹ́ràn jù. Alùpùpù tí ẹnìkan ń dá gùn, rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ á ti jẹ, ti ẹ̀yìn á sì wà bí ó ti wà ní ọjọ́ tí a rà á. Bí ti ẹ̀yìn bá ti jẹ bí ti iwájú, tàbí ju ti iwájú lọ, ọ̀kadà ni, ohun yòówù kí olówó rẹ̀ wí. Bí rọ́bà méjèèjì bá jẹ́ tuntun tí aago sì ka 8,000, ẹ béèrè ohun tí ó gbé ti àtijọ́ lọ. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ fi ń pa jíà àti ibi tí ó fi ń tẹ bíréèkì, bóyá irin rẹ̀ ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ẹ wo orí ṣùkúrù tí ó di aago mú, bóyá ojú rẹ̀ ti ha. Láti 2020 tí iṣẹ́ kíkó ẹrù dé ojúlé ti gbilẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó ru àpótí náà ti pọ̀ lọ́jà. Ihò bóòtù lára irin ẹ̀yìn ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ṣéènì. Ẹ fi ìka fa ṣéènì sẹ́yìn ní ibi tí ó ti yí ẹ̀yìn táyà ká. Bí ó bá fà jáde tí ẹ fi rí eyín irin lábẹ́ rẹ̀, ó ti nà. Bí ṣónṣó eyín náà bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbé e dúró ní ìdúró méjì, kí táyà iwájú gbé kúrò nílẹ̀, kí ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù méjèèjì mú, kí ẹ sì mì ín síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, bẹ́líńgì ọrùn ti lọ. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ fi ojú kan wo bóyá táyà méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Alùpùpù tí ó ti forí sọ tírélà rí kì í rìn tààrà mọ́, bí a kùn ún lọ́dà títí ó ń dán.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ bà á kí ẹ tó wí ohunkóhun. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹni tí ń tà á ti jí i sílẹ̀ dè yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ó padà wá. Ẹ́ńjìnnì tútù ni ó ń sọ òtítọ́. Ẹ tẹ kíìkì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ó yẹ kí ó kọ̀ fún ẹsẹ̀ yín díẹ̀. Èyí tí ó bá lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tẹ òwú, agbára inú rẹ̀ ti tán. Bí ó bá jí, ẹ wo èéfín. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, tí kò lọ lẹ́yìn tí ó ti gbóná, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi èyí ṣe ìdájọ́ irú àwọn Suzuki àti Jincheng AX100 àtijọ́, nítorí irú wọn ń jó ọ́ìlì pẹ̀lú epo láti ilé iṣẹ́ wọn wá, èéfín kò lè ṣe aláìwà níbẹ̀.

Àdúgbò wa yìí náà ní àrùn tirẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí òjò máa ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀, bí omi ti ń wọ ilé tí ó sì ń bo òpópónà. Alùpùpù tí ó ti mu omi àgbàrá, ẹ ṣí ibi ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ wò ó: ọ́ìlì tí ó funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ní ti Àpápá, afẹ́fẹ́ iyọ̀ tí ń ti orí omi wá máa ń mú irin dípẹtà, pàápàá lábẹ́ tí ojú kì í tètè dé, àwọn kòtò tí tírélà ti gbẹ́ sí ọ̀nà èbúté sì máa ń mú férémù sán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ojú wẹ́dà lábẹ́ ìjókòó àti ní ìdí ọrùn.

Èrò wa lórí èyí lè yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti rìn jìnnà kò bà wá lẹ́rù tó férémù tí ó ti sán. Ẹ̀yà ara Bajaj àti TVS kún ìgboro. Mẹkáníìkì lè fẹ ihò pístìn, kí ó fi pístìn tí ó tóbi díẹ̀ sí i àti ríìngì tuntun sínú rẹ̀, kí alùpùpù sì tún ṣiṣẹ́. Bí owó tí ẹni tí ń tà á bá gé kúrò bá tó owó àtúnṣe náà, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n férémù tí ó ti wọ́, àti èyí tí a ha nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ béèrè iye rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé títa níwájú ẹlẹ́rìí, kí a sì yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ni ó ni ín, ẹ̀gbọ́n náà sì wà ní Kútọnu, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dé.

Ó ku òfin. Orúkọ ọ̀kadà tí à ń pe iṣẹ́ yìí wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ṣùgbọ́n kò lè fò kọjá òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2020 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n tún mú òfin náà le sí i. Ajeromi-Ifelodun, tí Ajégúnlẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí nínú mẹ́fà náà. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹnìkan lè gbé èrò ní ìhà ihín kí ó jẹun, kí ó kọjá sí ìhà ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì pàdánù owó ẹgbẹ́. Ní 2022 náà ni ìjọba fi ẹ̀rọ fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún alùpùpù tí wọ́n gbà. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé mélòó ni aago wọn kà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó láti ra alùpùpù, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ìgbìmọ̀ ibi tí òun yóò ti ṣiṣẹ́, àti iṣẹ́ tí òun yóò fi í ṣe.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé láti ìsinsìnyí lọ a kò ní san owó alùpùpù kankan bí kò ṣe pé ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ bá ẹni tí ń rà á lọ wò ó, pẹ̀lú mẹkáníìkì tí kò bá ẹni tí ń tà á tan. Ẹni tí ó bá ti rí èyí tí ó wù ú, kí ó sọ fún akọ̀wé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Àárọ̀ kùtùkùtù Sátidé ni a ó máa lọ, kí ẹnikẹ́ni tó jí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dè wá.