Ẹ Jẹ́ Ká Ya Máàpù Òkè Wa Kí Ilé Tó Kún Ẹsẹ̀ Rẹ̀

 

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ òkè Sugar Loaf ya lu àwọn ará Regent ní Freetown láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000. Freetown kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Ṣebí ibẹ̀ làwọn Sàró ti padà wá sí Abẹ́òkúta. Òjò nìkan kọ́ ló fà á o: wọ́n ti gé igi orí òkè, wọ́n ti gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́lé, ilé sì ti dí ọ̀nà omi.

Òkè tiwa ò ga tó tiwọn, n ò ní dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n akọ òkúta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa. Níbi tó bá ti da gẹ̀rẹ́, iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ kì í nípọn. Tómi bá rìn wọlẹ̀ tó kan òkúta, kò ríbi gbà mọ́, iyẹ̀pẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Àpáta ńlá tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ abẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ ìyókù. Ẹ tún fi igi tá à ń gé ṣe èédú kún un.

Máàpù yìí ò ní idán. Àwòrán gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà yà láti ojú ọ̀run ní oṣù kejì 2000 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi ibi tó dagẹ̀rẹ́ hàn àti ibi tómi ń gbà. Àmọ́ ìwọ̀n ojú kan ẹ̀ tó bíi mítà 30, ọ̀gbàrá kékeré ò lè hàn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín. Kí ọdẹ àti àgbẹ̀ ṣíwájú, kí àwọn ọ̀dọ́ mú fóònù tẹ̀lé wọn, kí wọ́n sàmì síbi tí ilẹ̀ ti sán, ibi tígi ti wọ́, ibi tí àpáta ti yí rí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó máa dun àwọn kan. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ò ní fẹ́ràn máàpù yìí. Tá a bá fi pupa kun ẹsẹ̀ òkè kan, owó pulọ́ọ̀tì ibẹ̀ á já wálẹ̀. Mo mọ̀, ìdílé tèmi náà nílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó rà á bá ti mọ búlọ́ọ̀kù tán, ta ló máa lé e kúrò?

FUNAAB wà ní Alábàtà, ilẹ̀ wa náà ni. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wọn lóṣù yìí. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí ilẹ̀ tàbí àpáta ti ya rí lábúlé ẹ̀, kó kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọdún ẹ̀ sórí gúrúùpù.