Àmì Tótòtó Lójú: Bí Awọ Ara Ṣe Ń Dá Oòrùn Lóhùn

Ṣebí àwọn àgbà máa ń sọ pé àfín kì í jẹ iyọ̀? Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kí ó má ṣe fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ àfín, pé iyọ̀ ló ń yọ sí i lójú ní àmì tótòtó. Iyọ̀ ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Oòrùn ló ni iṣẹ́ náà, òun àti ohun tí ọmọ jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá.

Nínú awọ ara gbogbo wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń ṣe mẹ́lánìn, èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀. Ìyanu ibẹ̀ ni pé iye sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín adúmáadán ará Oǹdó àti òyìnbó ará Dublin. Irú mẹ́lánìn tí wọ́n ń ṣe, bó ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe ń pín in ló yàtọ̀.

Oòrùn ní ìtànṣán tí ojú kò rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní UVB máa ń ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó fara pa á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe mẹ́lánìn. Àwọn náà á tẹra mọ́ṣẹ́, wọn á fi mẹ́lánìn ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká, á sì ṣíji bo ibi tí DNA wà bí agboòrùn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ń gbà kí awọ tó dúdú sí i. Ẹni tó bá ń yan ara lóòrùn nítorí ẹwà, kí ó mọ̀ pé ìpalára ti ṣẹlẹ̀ kí ààbò tó dé. Ní 1979, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà wọn iye UVB tó ń gba awọ òkè kọjá: nǹkan bíi 24 nínú ọgọ́rùn-ún lára òyìnbó, bíi 7 péré lára aláwọ̀ dúdú.

UVA, irú ìtànṣán oòrùn mìíràn, ń gba inú gíláàsì kọjá ní tirẹ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ àwòrán awakọ̀ ẹrù kan jáde ní 2012, ẹni ọdún 69 tó ti wa ọkọ̀ fún ọdún 28. Ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀, níhà fèrèsé, ti nípọn, ó ti hunjọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jọ̀lọ̀ jù ú lọ.

Kí ló wá dé tí àwọ̀ fi ń tò ní tótòtó lára àwọn kan? Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní Britain fi hàn pé jíìnì kan, MC1R, yàtọ̀ lára ọ̀pọ̀ onírun pupa, àwọn tí àmì yìí sábà máa ń yọ sí lára. Jíìnì yìí ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Bí kò bá gbọ́ dáadáa, mẹ́lánìn pupa ló ń ṣe, ìyẹn ò sì lè dí oòrùn tó bí mẹ́lánìn dúdú ṣe ń dí i. Àmì á wá yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún. A kì í bí ọmọ pẹ̀lú wọn. Nígbà ooru wọ́n á hàn kedere, nígbà òtútù wọ́n á ṣá. Ẹni tó ní wọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ewu jẹjẹrẹ awọ ara pọ̀ fún irú wọn.

Ti àfín ló gbàrònú jù. Nílẹ̀ Áfíríkà, jíìnì mìíràn, OCA2, ló sábà ń fà á, bàbá àti ìyá adúláwọ̀ sì lè gbé e láì mọ̀. Ní Soweto, ní Gúúsù Áfíríkà, onímọ̀ Jennifer Kromberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àfín 111 wò. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1989, bíi 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní jẹjẹrẹ awọ ara, ewu náà sì pọ̀ sí i fún àwọn tí àmì kì í yọ sí lára. Àmì tí aráyé ń pè ní ìdọ̀tí, mẹ́lánìn díẹ̀ tí ara rí ṣe ni!

Síbẹ̀, díẹ̀ náà kò tó. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjìji ló yẹ àfín, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dí oòrùn. Fìlà gọ̀bì dára lóde àríyá, ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ ni kí wọ́n ra fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé: ó ń bo ojú, etí àti ọrùn, orí gan-an sì ni jẹjẹrẹ náà ti pọ̀ jù lára àwọn àfín Soweto tí wọ́n yẹ̀ wò.