Ọ̀rọ̀ lórí Odò Wárì

Gọ́tà Okumagba Layout kì í dúró síbìkan: ọṣẹ, ìgbẹ́ àti epo mọ́tò inú rẹ̀ ń wọ odò Wárì, ó ń gba odò Forcados bọ́ sínú òkun. Ọṣẹ àti ìgbẹ́ wọ̀nyí, ajílẹ̀ ni fún koríko ojú omi. Bí koríko náà bá rà, ẹja kì í rí èémí mí. Àwa tí a ń ta ẹja, àpò wa ló ń dé.

Lẹ́yìn ìdọ̀tí olóró Ítálì tí wọ́n bá ní Kókó ní 1988 ni ìjọba tó dá FEPA sílẹ̀. NESREA ló rọ́pò rẹ̀ ní 2007. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn onílẹ̀ tó gbà wá jọ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n máa bu omi odò wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ fún wa. Owó ìwé náà, mo ti mú un wá.