Fọ́sífétì Inú Ajílẹ̀: Oore Rẹ̀ fún Ọgbà àti Ewu Rẹ̀ fún Odò



Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní Òsí, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, etí odò ni ọgbà ẹ̀fọ́ máa ń ṣí lọ. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ kò tíì gbẹ. Ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata àti tìmátì ti ń rí omi mu. Odò kan náà ni àwọn ọmọdé ń pọn, òun náà ni ẹran ọ̀sìn ń mu. Nítorí náà, ohun tí àgbẹ̀ bá dà sí àkùrọ̀ kò jìnnà sí ìkòkò omi ilé rẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó wà lára àpò ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, bí àpẹẹrẹ, 15-15-15. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àmì ilé-iṣẹ́ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà kìíní ń sọ ìwọ̀n nitirójìn, tí í mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Èkejì ń sọ ti fọ́sífétì. Ẹ̀kẹta ń sọ ti pótáṣì. Àpò kílò 50 tí ó ní nọ́ńbà yìí lára ní kílò 7.5 fọ́sífétì nínú.

Fọ́sífétì ni í mú kí gbòǹgbò ta dáadáa, kí òdòdó tètè yọ, kí èso sì gbó. Àgbàdo tí kò bá rí i tó kì í dàgbà bí ó ti yẹ, ewé rẹ̀ a sì pọ́n bí àlùkò nígbà tí ó ṣì kéré. Ní ọdún 1842 ni John Bennet Lawes gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa fi ásíìdì sọ egungun àti òkúta fọ́sífétì di ajílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1961 ni wọ́n ti ń wa irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Hahotoé, ní ilẹ̀ Togo tí kò jìnnà sí wa. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà dá ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ fọ́sífétì sílẹ̀ ní Kàdúná ní àárín ọdún 1970 sí 1980.

Ṣùgbọ́n ìwà fọ́sífétì yàtọ̀ sí ti nitirójìn. Nitirójìn a máa bá omi lọ kíákíá. Fọ́sífétì ní tirẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, pàápàá ilẹ̀ pupa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí irúgbìn kò lò lọ́dún yìí yóò wà níbẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí ọgbà kan náà ní gbogbo ìgbà, tí ó sì tún ń fi ajílẹ̀ àpò lé e, ń to fọ́sífétì jọ láìmọ̀. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí síńkì gbà. Ewé àgbàdo a wá ní ìlà funfun, àgbẹ̀ a rò pé ebi ajílẹ̀ ni ó ń pa á, a sì tún lọ ra àpò mìíràn! Báyìí ni owó ṣe ń bọ́ sínú ilẹ̀ lásán.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, tí àgbàrá sì wọ́ erùpẹ̀ ọgbà lọ sí odò, fọ́sífétì a bá erùpẹ̀ náà lọ. Ohun tí ó ń bọ́ ẹ̀fọ́ ní òkè ni yóò bọ́ ojúoró nínú omi, àti àwọn ewéko kéékèèké tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ omi di aláwọ̀ ewé, tí ó ń yọ̀. Bí wọ́n bá kú, tí wọ́n sì ń jẹrà, wọ́n a gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Nígbà náà ni ẹja ń yanu lójú omi ní òwúrọ̀.

Ní ọdún 1973, David Schindler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ ọ̀rá pín adágún omi kan ní Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà, sí méjì. Wọ́n da nitirójìn àti kábónù sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífétì sí. Apá yẹn nìkan ni ó di àwọ̀ ewé. Èkejì mọ́ gaara bí ó ti wà.

Irú ewéko omi báyìí a máa ní májèlé nígbà mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, ènìyàn tí ó lé ní 400,000, pé kí wọn má ṣe mu omi ẹ̀rọ wọn fún bí ọjọ́ mẹ́ta, nítorí májèlé láti inú adágún Erie. Wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọn má ṣe sè é, nítorí iná kò lè pa májèlé náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára àgbẹ̀ lọ. Kí ó gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ irúgbìn, kí ó fi ajílẹ̀ sí i, kí ó sì fi erùpẹ̀ bò ó. Kí ó má ṣe fọ́n ọn kálẹ̀ nígbà tí òjò ńlá ṣú. Kí ó kọ ebè rẹ̀ ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí àgbàrá má bàa rí ọ̀nà tààrà. Kí ó fi koríko sílẹ̀ láìro ní etí odò, bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ní fífẹ̀, nítorí koríko yìí ni yóò dá erùpẹ̀ dúró. Kí ó má ṣe fọ àpò ajílẹ̀ nínú odò. Kí ó sì bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀ nípa yíyẹ ilẹ̀ wò kí ó tó ra òmíràn: owó tí yóò ná sí i lè kéré sí iye àpò kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́.

Ní ibi tí omi bá sì ti di aláwọ̀ ewé, tí ó ń rùn, ẹ má ṣe pọn ọ́n fún mímu, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sè é. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ajá mu ún. Ẹ lọ pọn omi kànga tí ó jìnnà sí etí odò, kí ẹ sì fi tó òṣìṣẹ́ ìlera létí ní ọjọ́ náà gan-an.