Ààlè Àtijọ́ àti Ìkìlọ̀ Òde Òní
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Igbóbì)



Ẹni tí ó bá rìn láti Igbóbì dé Ṣómólú yóò rí ògiri tí a fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ilé náà kì í ṣe títà. Àlejò yóò rẹ́rìn-ín: ta ni ó bèèrè? Ṣùgbọ́n ará Èkó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì a máa ta ilé onílé fún ẹni tí kò mọ̀, nítorí náà n kò bú onílé. Ti páálí sìgá ni ó yà mí lẹ́nu jù: ọdún púpọ̀ ni a fi kọ ọ́ sí i pé ẹni tí ń mu ún lè kú ní rèwerèwe, a sì ń tà á lọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ìkìlọ̀ í ṣe. Bí wọ́n bá di igi ìdáná sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọn a fi ààlè sí i: ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó, ògbólógbòó bàtà, ìkarahun ìgbín, tàbí àkísà pupa. Ọ̀mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ ìwé, gbogbo wọn ni ó lè kà á. (Ẹ̀rù èpè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èmi àlùfáà kò gbé èyíinì lárugẹ. Òye rẹ̀ ni mò ń yìn.)

Nísinsin yìí, ẹ wo oògùn kòkòrò tí a ń pè ní ọ̀tápíàpíà. Májèlé gidi ni. Ní ọdún 2019, NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré dichlorvos, èyí tí kò ju 100 mílílítà lọ, nítorí ìlòkulò rẹ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni a fi ń kọ ìkìlọ̀ sí ara irú ìgò bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí kà níbẹ̀? Agbárí tí a máa ń yà sí ara òmíràn nìkan ni ó jọ ààlè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ìhín ju ibòmíràn lọ, nítorí Ṣómólú ni gbogbo Èkó mọ̀ sí ìlú àwọn atẹ̀wé. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí NAFDAC, kí a sì rán ẹni mẹ́ta lọ bá àwọn atẹ̀wé wọ̀nyí, kí wọ́n lè máa rọ àwọn oníbàárà wọn láti fi ìlà kan kún un ní èdè wa: Májèlé ni èyí, má ṣe mu ún, má ṣe gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.