Orí Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé Ẹsẹ̀: Ìrìn Ẹsẹ̀ Nínú Ìgbé Ayé Awo



   Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìrìn ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí ni Ifá bá ìrìn wá?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Ifá ti kọ́kọ́ ń pàdé ọmọ ènìyàn. Bí a bá bí ọmọ tuntun, àkọsẹ̀jayé ni a ń ṣe fún un. Ní ọ̀pọ̀ ilé awo, ẹsẹ̀ ọmọ náà ni a ń gbé kan ọpọ́n, kí a tó bi Ifá léèrè irú ọ̀nà tí yóò tọ̀ láyé. Orúkọ ètò náà gan-an, ẹsẹ̀ ni ó dá.

Ìtàn kan sì tún wà tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin awo mọ̀. Àwọn Orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù wò wọ́n, ó ní ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà láìsí Ẹsẹ̀ kò ní gún. Ìjà ni ìpàdé náà fi túká. Ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó lójú. A máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tí ó ní làákàyè ṣùgbọ́n tí kò ní ìgbòkègbodò, kí ó lè mọ̀ pé orí rere nìkan kò tó. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a rò pé a ti ń yára jù láti sọ Ẹsẹ̀ di òwe. Ẹsẹ̀ tí ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka márùn-ún ni ìtàn náà kọ́kọ́ ń sọ.

Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nílé olúwo wa. Ojú ọ̀nà ni ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá pe olúwo sí abúlé kan láti dífá, àwa ọmọ awo a gbé àpò, a tẹ̀ lé wọn. Wọn a máa kì, àwa a máa gbà á lẹ́yìn wọn, ìṣísẹ̀ wa a sì máa bá ọ̀rọ̀ náà mu, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá gbàgbé gbólóhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣe ségesège kí ẹnu rẹ̀ tó dákẹ́. Bí a bá dé ìdí igi kan, wọn a dúró, wọn a ní kí a dárúkọ rẹ̀. Ní àbọ̀, wọn a bi wá léèrè Odù tí ó mẹ́nu ba ewé tí a rí ní àlọ. Títí di òní, Odù kan wà tí a kò lè kì kí ìdí àràbà kan má hàn sí wa lójú inú, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti kọ́ ọ, tí òjò ń pa wá.

Ọ̀rọ̀ ewé ni ó dùn wá jù. Patanmọ́ ń jẹ́ patanmọ́ nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá kàn án, ó ń pa itan mọ́. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kàn án rí, orúkọ lásán ni ó mọ̀. Dágunró a lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tí ó gba inú koríko kọjá, òun fúnra rẹ̀ a sì fi ara rẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́ awo kan wá bá wa. Ohùn rẹ̀ dára, ó ti gbọ́ ọ̀pọ̀ Odù nínú fóònù, ó sì mọ̀ wọ́n kì ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A ní kí ó lọ já rinrin wá. Ó ní kí a fún òun lówó ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ lẹ́kùlẹ́jà. Rinrin sì ń bẹ ní ìdí ògiri tútù tí ó fẹ̀yìn tì!

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá lẹ́yìn náà. Bí lẹ́kùlẹ́jà bá ṣèèṣì gbé ewé mìíràn fún irú awo bẹ́ẹ̀, kò ní mọ̀, aláìsàn tí yóò lò ó kò sì ní mọ̀. Àwọn tí ó mọ ewé lójú ń darúgbó. Ohun tí a ń pàdánù nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí a fi bò.

Ẹ tún wo ara wa, àwa àgbà. Orí ẹní ni a ti ń dífá, orí àga ni a ti ń jẹun, inú ọkọ̀ ni a ń gbà lọ sí ìpàdé tí kò jìnnà sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò mọ olóyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá pín in, 30 ìṣẹ́jú ni lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, oorun a sì dùn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìrìn rọ́pò oògùn tí dókítà fún un o. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálẹ́, kí ó má sì rìn láìwọ bàtà. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ òsì ni kí a máa gbà, kí a lè kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn ọmọ wa ń fi fóònù ka ìṣísẹ̀, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pé 10,000. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn kọ́ ni iye yẹn ti wá. Orúkọ ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n tà ní Japan ní ọdún 1965, ni ó ti jáde. Bí kíkà bá dùn mọ́ wọn, kí wọ́n máa kà. Ní tiwa, iye ènìyàn tí a kí ni a ń kà. Ẹni tí ó bá jáde ní ìdájí yóò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, òórùn àkàrà yóò pàdé rẹ̀ ní ìkóríta, ìrì yóò tutù sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá." "Òo, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé fèrèsé ìyá arúgbó kan kò tíì ṣí láti àná, tí a fi kànkùn, tí a bá a nínú ibà. Inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀, ta ni ì bá ti rí fèrèsé?

Ní Òṣogbo, lóṣù kẹjọ ọdọọdún, ẹsẹ̀ ni Arugbá fi ń gbé igbá láti ààfin dé Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ọkọ̀ pọ̀ ní Òṣogbo. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé kí a fi ọkọ̀ gbé Arugbá, nítorí ìrìn náà wà nínú ẹbọ. Nítorí náà ni ó ṣe ń kọ wá lóminú pé àwa awo ti ń tò ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìwọ́de ọdún Ifá. A bẹ ẹgbẹ́ pé kí ẹni tí ó bá lè rìn máa fi ẹsẹ̀ wá sí ìpàdé ìtàdógún, kí olúwo kọ̀ọ̀kan sì máa mú ọmọ awo rẹ̀ rìn lọ sí ìgbẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ Ifá.

Ìwọ́de ọ̀la yóò gbéra ní agogo 7 òwúrọ̀ láti iwájú ilé Ifá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀ lé wa, fún omi mímu àti fún àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn. Ẹ wọ bàtà tí kò fún yín lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ awo yóò wà níwájú lọ́dọ̀ wa, a ó sì máa dúró níbi tí a bá ti rí ewé.