Kọ́kọ́rọ́ Méjì fún Ilé Kan
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún, fún àwọn ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kì í ṣe ti ọ̀nà tàbí ti omi ẹ̀rọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń dùn wá. Ọ̀rọ̀ owó ni, àti ti orúkọ rere.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé akápò ẹgbẹ́ kò lè dá nìkan gba owó ní báńkì. Bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé sọ̀wédowó pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí kí báńkì tó dé. Ìránṣẹ́ ọba kì í fi ẹnu lásán jíṣẹ́. A ó fi ọ̀pá àṣẹ tàbí àrokò lé e lọ́wọ́, kí ẹni tí a rán an sí lè mọ̀ pé òótọ́ ni ọba rán an. Àlùfáà C. A. Gollmer, tí ó dé Àgbádárìgì ní 1845, kọ àlàyé nípa irú àrokò bẹ́ẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1885. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan, ohun ọwọ́ kan: ẹ̀rí méjì ni. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa ń fi owó ọjà, owó ilé àti owó ìdáwó ẹgbẹ́ sínú fóònù tí ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ń ṣọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà náà kò sì ju ọdún tí a bí àkọ́bí wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí àwọn gbájúẹ̀ ti ń ṣe é. Ìpè yóò wọlé sórí fóònù ìyá kan tí ó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ẹni náà yóò fi sọ pé, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Orí fóònù ni a ó ti ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Nọ́mbà mẹ́fà kan ti wọlé sórí fóònù yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fún mi, kí n lè fi orúkọ yín sílẹ̀.” Ìyá yóò kà á. Nọ́mbà náà kò kan ìpàdé rárá. WhatsApp ni ó fi í ránṣẹ́, nítorí pé gbájúẹ̀ náà ti tẹ nọ́mbà Ìyá sínú fóònù tirẹ̀. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àkáǹtì Ìyá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní London àti Houston yóò rí ọ̀rọ̀ tí ó ní àwòrán Ìyá lórí, pé ara òun kò yá, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì báyìí-báyìí. Ọmọ rere kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣàìsàn. Ibẹ̀ gan-an ni olè ti ń mú wọn.

Oògùn rẹ̀ ti wà láti 2017, nígbà tí WhatsApp fún gbogbo ènìyàn láyè láti fi píìnì kejì sí i, oní nọ́mbà mẹ́fà, tí oníkálukú yóò yàn fúnra rẹ̀. Bí Ìyá bá ti fi í sí i, bí ó tilẹ̀ ka nọ́mbà àkọ́kọ́ fún olè, ìlẹ̀kùn kejì ṣì wà ní títì. Inú “Settings” ni ó wà, lábẹ́ “Account”, níbi tí a kọ “Two-step verification” sí. Google àti Facebook ní irú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí Mile 12 àti Kétu, ọ̀rọ̀ tiyín ni ti fóònù tí a já gbà. Olè kò ní láti mọ bí a ti ń ṣí fóònù yín. Yóò yọ káàdì síìmù, yóò fi í sínú fóònù mìíràn, nọ́mbà tí báńkì bá sì fi ránṣẹ́ yóò máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fi píìnì sórí síìmù fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè píìnì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni líìnì yín, nítorí bí a bá tẹ píìnì tí kò tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù náà yóò ti ara rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, ewu tiyín yàtọ̀. Líìnì Nàìjíríà tí ẹ fi ṣí àkáǹtì báńkì ń sùn nínú àpótí. Ìlànà àjọ NCC ni pé bí 180 ọjọ́ bá kọjá tí líìnì kò ṣe iṣẹ́ tí ó mú owó wọlé, a lè pa á. Bí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá, a lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí yóò wá máa gba ìwé báńkì yín. Ẹ máa fi líìnì náà pe ilé lóòrèkóòrè, àwọn òbí yín yóò sì dúpẹ́. Níbi tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lo Google Authenticator tàbí irú rẹ̀, tí ń mú nọ́mbà tuntun jáde láàárín 30 ìṣẹ́jú-àáyá, láìdúró de síìmù kankan.

Ní ti ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀gbẹ́ni Bill Burr, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ni ó gbà wá nímọ̀ràn ní 2003 pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí a sì da àmì wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ní 2017 ó jẹ́wọ́ pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn náà, nítorí pé àwọn ènìyàn kàn ń sọ 1 di 2 ni. Gígùn ni ó sàn jù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, bí ìgbín, àga, òjò àti ọ̀bẹ, ẹ so wọ́n pọ̀. Kí ẹ má fi oríkì yín ṣe é. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ ọ́n. Kí ti báńkì má sì jọ ti ibòmíràn, nítorí èyí tí olè bá rí níbì kan ni yóò fi kan gbogbo ilẹ̀kùn yòókù wò. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń bẹ̀rù ìgbàgbé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lè bá wa jiyàn lórí èyí, ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ orí fóònù kò lè na ọwọ́ dé inú àpótí Ìyá.

Bí ìpàdé bá ti parí, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti fi ibi tí a ti ń ṣe é hàn yín. Ẹ gbé fóònù yín lọ bá wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá kan píìnì, kí wọ́n yíjú sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.